A PỌ̀ NÍNÚ ẸGBẸ́: TA NI YÓÒ PÀṢẸ?

(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ sọ níbi ìpàdé gbogboogbò ẹ̀ka wa)

  

Ẹ ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí bí agbára ṣe ń pín láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn, àti bí ìpín náà ṣe ń yí padà bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ẹ mọ̀ pé àwa kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a kà, ìyókù sì jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́, nígbà tí a bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tí òógùn kò tíì gbẹ lára aṣọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé nìkan. Ó ti fa ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀ka wa yìí, ibẹ̀ ni a ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo wa ni a rántí ọkọ̀ akẹ́rù tí bíréèkì rẹ̀ já lọ́dún tó kọjá. Bíréèkì yẹn kò ṣàdédé já. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni awakọ̀ rẹ̀ ti wá sọ pé bí òun bá tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ òun ń rì wọlé bí ẹni tẹ ẹrẹ̀. Ìgbìmọ̀ àwọn awakọ̀ gbọ́, wọ́n sì kọ̀wé. Ìwé dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Àwọn yẹn ní òótọ́ ni, ọkọ̀ náà kò dára, ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ni ó ń sọ pé kí ọkọ̀ dúró. Wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ ẹ̀ka ìkẹ́rù. Ẹ̀ka ìkẹ́rù ní ọjà ti pọ̀ nílẹ̀, kí ọkọ̀ ṣì máa lọ títí ìgbìmọ̀ àpapọ̀ yóò fi jókòó. Ìgbìmọ̀ àpapọ̀ kò jókòó lóṣù náà, nítorí iye ènìyàn tí ó yẹ kó wá kò pé. Níbo ni ìwé náà wà ní gbogbo àkókò yìí? Inú àpótí tábìlì àwa aṣojú ni. A kò sá fún un. Ọmọ ọkọ̀ ni ó faragbá a, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò sì wúlò fún un mọ́ títí di òní.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ìgbìmọ̀ mẹ́rin ni ó fọwọ́ kan ìwé kan. Kò sí èyí tí ó hùwà ìkà nínú wọn. Olúkúlùkù ṣe ìba tí ó rò pé ó jẹ́ tirẹ̀, ó sì gbé ìyókù fún ẹlòmíràn. Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ní ẹ̀bi tiwọn, a sì ń bá wọn fà á lórí owó tí òfin ọdún 2010 ní kí a san fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n tiwa ni a ń sọ lónìí.

Láti ìgbà náà ni ìmọ̀ràn méjì ti ń jà nílẹ̀. Àwọn kan ní kí a tú gbogbo ìgbìmọ̀ kéékèèké ká, kí ènìyàn márùn-ún péré máa pàṣẹ fún gbogbo ẹ̀ka. Àwọn awakọ̀ kan ní tàwọn ni pé kí àwọn yọ ara wọn kúrò, kí àwọn dá dúró, kí àwọn sì máa mú owó ẹgbẹ́ àwọn lọ. Ní ìpàdé tó ń bọ̀ ni a ó dìbò. Kí a tó dìbò, ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn wò, nítorí kì í ṣe àwa ni a kọ́kọ́ bá irú ọ̀rọ̀ yìí pàdé.

Ẹ jẹ́ kí a ya Ọ̀yọ́ ilé ná. Àwọn tí kò mọ ìtàn rò pé Aláàfin ń dá pàṣẹ bó ṣe wù ú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì méje wà, Baṣọ̀run ni olórí wọn, àwọn ni wọ́n ń yan ọba, tí ọba bá sì ṣìwà hù, àwọn ni wọ́n lè kọ̀ ọ́. Àwọn Ògbóni wà tí wọ́n ń ṣọ́ Ọ̀yọ́ Mèsì pàápàá. Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò wà tí ogun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan kì í dá a ṣe. Síbẹ̀, láàárín ọdún 1754 sí 1774, Baṣọ̀run Gáà gba agbára mọ́ àwọn ọba lọ́wọ́, ó ń fi ọba jẹ, ó sì ń mú wọn kú. Ọdún 1774 ni Aláàfin Abíọ́dún rẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn ikú Abíọ́dún, Kakaǹfò Àfọ̀njá jókòó sí Ìlọrin, kò gba àṣẹ Ọ̀yọ́ mọ́. Kò pẹ́ títí lẹ́yìn náà tí Ọ̀yọ́ ilé fi di ahoro.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni èyí: nígbà ayé Gáà, kò sí oyè kan tí wọ́n pa rẹ́. Aláàfin wà, Ọ̀yọ́ Mèsì pé méje, Ògbóni ń ṣe ìpàdé. Orúkọ oyè kò yí padà, agbára inú rẹ̀ ni ó ti rìn lọ sí ibòmíràn. Báyìí ni ètò ṣe ń yí. Ó máa ń yí ní ìdákẹ́jẹ́ kí ojú tó rí i. Nítorí náà bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ìgbìmọ̀ yín ṣì wà, ẹ bi í pé kí ni ìgbìmọ̀ náà lè ṣe.

Ẹ wá jẹ́ kí a bọ́ sórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa gan-an, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ pọ̀ sí.

Ọdún 1912 ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Èkó. Ní 1931 àwọn olùkọ́ dá tiwọn sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè náà sì kó ara wọn jọ ní ìgbà náà. Ní 1938 ìjọba òyìnbó ṣe òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Òfin náà ní ènìyàn márùn-ún péré tó láti forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin ará, ẹ ronú sí i. Bí ènìyàn márùn-ún bá ti bínú sí alága wọn, wọ́n lè dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ ṣe ń pọ̀ bí ewé, ilé-iṣẹ́ kan, ẹgbẹ́ kan, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ju àádọ́ta ènìyàn lọ.

Síbẹ̀, nígbà tí ìyà bá dé, wọ́n máa ń rí ara wọn. Nígbà ogun Hitler, ọjà wọ́n gógó, owó iṣẹ́ sì wà lójú kan. Ní 1943 wọ́n dá àjọ ńlá kan sílẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́. Ní oṣù Kẹfà 1945 ìdaṣẹ́sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó wà lókè nínú àjọ náà ní kí a sún un síwájú, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ìsàlẹ̀ kò gbà, wọ́n tẹ̀ lé Michael Imoudu, àgbà òṣìṣẹ́ rélùwéè. Iṣẹ́ dúró fún ohun tí ó ju ogójì ọjọ́ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ni àṣẹ wà nígbà yẹn, ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà ì bá ti kú kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Èyí ni èrè tí ó wà nínú kí àṣẹ má wà lójú kan.

Àléébù rẹ̀ náà ń bọ̀. Lẹ́yìn 1945, ọ̀rọ̀ òṣèlú wọ inú ẹgbẹ́. Àwọn kan ní kí a tẹ̀ lé ẹgbẹ́ òṣèlú, àwọn kan ní rárá. Lẹ́yìn náà ni wàhálà òkè òkun tún dé: kí a bá àjọ òṣìṣẹ́ àwọn aláwọ̀ funfun ti Ìwọ̀-oòrùn ṣe ni, àbí ti Rọ́ṣíà? Àjọ ń bí àjọ, àjọ ń fọ́ mọ́ àjọ lórí. Olúkúlùkù ń pe ara rẹ̀ ní olórí òṣìṣẹ́ Nàìjíríà.

Ní 1963 wọ́n tún parapọ̀ lábẹ́ ìgbìmọ̀ ìjà kan tí gbogbo ayé mọ̀ sí JAC. Wọ́n fi ipá mú ìjọba yan ìgbìmọ̀ Morgan láti wo ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́. Nígbà tí ìjọba ń fi àbọ̀ ìgbìmọ̀ náà falẹ̀, iṣẹ́ dúró káàkiri Nàìjíríà ní oṣù Kẹfà 1964, fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ìjọba jókòó bá wọn sọ̀rọ̀, owó iṣẹ́ sì lọ sókè. Kí ni ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà? JAC tú ká. Wọn kò ní ju ìjà kan lọ tí ó so wọ́n pọ̀. Nígbà tí ìjà parí, okùn já. Wọn kò kọ ọ́ sílẹ̀ pé báyìí ni a ó máa jókòó, báyìí ni a ó máa parí aáwọ̀, ẹni báyìí ni yóò máa tọ́jú owó. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí a bá kó jọ lọ́jọ́ ìjà nìkan, ọjọ́ ìjà náà ni yóò tú.

Títí di ọdún 1974, àjọ ńlá mẹ́rin ni ó wà: ULC, NTUC, NWC àti LUF. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ikú mú ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú, J. A. Oduleye. Níbi tí wọ́n ti ń sin ín, ní itẹ́ òkú Apena ní Èkó, àwọn aṣáájú tí wọn kì í jókòó pọ̀ dúró létí sàréè kan náà, wọ́n sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn yóò di ọ̀kan. Ní oṣù Kejìlá 1975 wọ́n mú ẹ̀jẹ́ náà ṣẹ, wọ́n dá NLC sílẹ̀. Ìjọba ológun kò gbà. Ó gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí Adebiyi kalẹ̀, ó yan alábòójútó láti tún gbogbo ẹgbẹ́ tò, ó sì lé àwọn aṣáájú kan kúrò nínú ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ní 1977. Imoudu wà lára wọn. Ohun tí òṣìṣẹ́ fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ìjọba gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tirẹ̀ ṣe é.

Ẹgbẹ́ tí ó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ ni a kó pọ̀ di méjìlélógójì, iṣẹ́ kan, ẹgbẹ́ kan. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kejì, 1978, a ṣí NLC tuntun, Hassan Sunmonu sì di ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. A kò ní purọ́ pé kò sí èrè níbẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 1981 NLC dá iṣẹ́ sílẹ̀, òfin owó oṣù tó kéré jù, náírà 125, sì jáde lọ́dún náà. Ẹgbẹ́ kéékèèké ẹgbẹ̀rún kan kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun méjì yí padà tí ọ̀pọ̀ kò fura sí. Èkíní ni owó. Tẹ́lẹ̀, akápò ń lọ láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ kan sí òmíràn láti gba owó ẹgbẹ́. Bí aṣáájú kò bá ṣe dáadáa, ẹ ó di ọwọ́ yín mọ́ àpò. Nígbà tí ó di pé ọ́fíìsì ni wọ́n ti ń yọ ọ́ nínú owó oṣù, aṣáájú kò ní kí ó máa wá kan ilẹ̀kùn wa mọ́. Ọ̀nà tí owó ń gbà ni agbára ń gbà. Èkejì ni orí. Nígbà tí orí di ọ̀kan, ẹni tó bá fẹ́ pa ẹgbẹ́ mọ ibi tí yóò fọwọ́ lé. Ní 1988 ìjọba ológun tú ìgbìmọ̀ NLC ká, ó gbé alábòójútó lé e. Ní oṣù Kẹjọ 1994, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ epo ń dá iṣẹ́ sílẹ̀, ó tún tú u ká, ó sì tú ìgbìmọ̀ àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ epo méjèèjì pẹ̀lú rẹ̀. Ìwé kan láti ọ́fíìsì ìjọba, gbogbo rẹ̀ parí. Títí di 1999 ni NLC kò fi ní ààrẹ tí òṣìṣẹ́ fi ìbò yàn. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, bí ó bá kù síbi tí ẹgbẹ́ ṣì wà láàyè, inú ẹ̀ka ni, lọ́dọ̀ àwọn bíi tiwa, tí wọ́n ń bá ọ̀gá wọn jà lórí bàtà iṣẹ́ àti omi mímu.

Ní 2005 òfin tún yí. Ó ní kò sí ẹni tí a lè fi ipá mú wọ ẹgbẹ́, àjọ ńlá míràn sì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ NLC. TUC àwọn òṣìṣẹ́ àgbà gba ìwé tirẹ̀. Ní 2016 àwọn ẹgbẹ́ kan tún já kúrò nínú NLC nítorí aáwọ̀ ìbò, wọ́n dá ULC tiwọn sílẹ̀; ní 2020 wọ́n padà wá, ẹni tí ó sì ṣíwájú wọn jáde, Joe Ajaero, ni ó di ààrẹ NLC ní 2023. Ní oṣù Kẹfà 2024, NLC àti TUC jọ dá iṣẹ́ sílẹ̀ lórí owó oṣù tó kéré jù. Wọn kò di ọ̀kan kí wọ́n tó ṣe é. Oṣù Keje ọdún náà ni òfin ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin náírà jáde. Òfin jáde ní Àbújá, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni a ti ní láti bá gómìnà jókòó kí owó tó wọ àpò.

Ẹ̀yin ará, ọdún tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ ni a ti sáré gbà kọjá yìí. Ẹ jẹ́ kí a kó ẹ̀kọ́ rẹ̀ jọ.

Ìkíní, ètò tí àṣẹ pín sí ọ̀nà púpọ̀ kì í dúró lójú kan. Ìyà á kó wọn jọ, ìrọ̀rùn á tú wọn ká, ìjọba á yà á, ọjọ́ á tún un pa. Ẹni tó bá ní kí a ṣe ètò kan tí kò ní yí láéláé, ẹ má gbà á gbọ́.

Ìkejì, kì í ṣe iye ìgbìmọ̀ ni ó ń pa ẹgbẹ́. Ìgbìmọ̀ mẹ́rin ni ó fọwọ́ kan ìwé bíréèkì yẹn. Bí ó bá jẹ́ ẹnì márùn-ún péré tí wọ́n jókòó sí ọ́fíìsì, ṣé wọn ì bá ti mọ̀ pé bíréèkì ń rì? Awakọ̀ ni ó mọ̀. Mẹkáníìkì ni ó mọ̀. Ohun tí ó pa wá lára ni pé ẹni tí ó mọ̀ kò ní àṣẹ, ẹni tí ó ní àṣẹ kò sí níbẹ̀.

Ìkẹta, ẹni tó bá dá dúró lónìí nítorí ìbínú, ọ̀la ni yóò mọ iye rẹ̀. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ẹ̀yin awakọ̀, bí ẹ bá lọ, ta ni yóò dá ẹ̀rọ dúró fún yín lọ́jọ́ tí wọ́n bá lé ọ̀kan nínú yín? Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ, bí awakọ̀ bá lọ, ọjà tí ẹ bá ṣe yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọjà bí?

Nítorí náà, àwa kò fara mọ́ ìmọ̀ràn méjèèjì. Ohun tí a mú wá nìyí. Kí ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan wà, kí ó sì ní àṣẹ tó kún lórí ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Bí mẹkáníìkì méjì bá fọwọ́ sí i pé ọkọ̀ kan kò dára, kí awakọ̀ wa kankan má wà á títí wọn yóò fi ní ó ti dára, kí gbogbo ẹ̀ka sì dúró lẹ́yìn awakọ̀ náà bí ọ̀gá bá bínú. Kò nílò ìpàdé, kò nílò ìwé tí yóò sùn nínú àpótí tábìlì ẹnikẹ́ni. Ohun tó bá kan ìgbìmọ̀ méjì, kí àwọn akọ̀wé méjèèjì rí ara wọn kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Bí wọn kò bá gbà fún ara wọn, kí alága parí rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, kí ó sì kọ ìdí rẹ̀ sára ògiri fún gbogbo wa kà. Kí owó wà lójú kan, ṣùgbọ́n kí a máa ka ìpín ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan sókè lóṣooṣù. Kí a sì máa tú gbogbo ètò yìí yẹ̀ wò ní ìpàdé ọdọọdún, kí a bi ara wa pé èwo ni ó ti rìn kúrò ní ipò rẹ̀ láìjẹ́ pé a rán an.

A mọ̀ pé èyí yóò gba àkókò. A mọ̀ pé mẹkáníìkì lè ṣe àṣìṣe, kí ọkọ̀ tí kò ní nǹkan kan dúró lófìfo, kí owó ìrìn-àjò awakọ̀ sì dín kù lọ́sẹ̀ náà. Ìyẹn ṣe é ṣe. A sì mọ̀ pé àwa aṣojú ni yóò kọ́kọ́ pàdánù, nítorí ọ̀pọ̀ ìwé tí ó máa ń gba ọwọ́ wa kọjá kò ní gba ibẹ̀ mọ́. Kò dùn mọ́ni kí a fi ọwọ́ ara ẹni bọ́ fìlà ọlá. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tí a sọ ìtàn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan jókòó síbẹ̀ yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ fara ti ògiri. Òun ni ó bẹ̀ wá kí a má dárúkọ òun. Òun náà ni ó sọ fún wa ní ọjọ́ tí a lọ kí i nílé pé, "Ẹ̀yin bọ̀dá mi, kì í ṣe pé ẹ kò gbọ́. Ẹ gbọ́. Ẹ kàn ń retí ara yín ni."

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù wá. Ẹ má ṣe rán ẹlòmíràn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ wá sọ tiyín, bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ bá ọ̀rọ̀ wa yìí jà, ẹ wá bá a jà lójú gbogbo wa, kí ìbò sì parí rẹ̀.

 Kí ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ kí ó pẹ́.